Orúkọ Bàbá Mi Nínú Géèmù Rẹ

Àdúgbò Ọjọ́mu,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Tìmílẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ sì ń lọ déédéé? Ìdáhùn rere ni mo ń tọrọ fún ọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí ọ. Ní tiwa, a wà láàyè. Mo ní láti sọ ìyẹn fún ọ, nítorí pé ẹni tó bá gbá géèmù rẹ yóò rò pé gbogbo wa ti kú tán.

Mo rántí ọjọ́ tí o gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá sí iwájú ilé wa. O ní o fẹ́ ṣe géèmù kan tí ẹni tó ń gbá a yóò di ọmọ Ọ̀fà, tí yóò máa rìn láti Òjòkú dé Ìlémọ̀nà, tí yóò sì máa bá àwọn akọni ja ìjàkadì. O ní kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò fún ọ lówó irú rẹ̀, pé àwa èèyàn ni kí a dá a jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá dá sí i, orúkọ rẹ̀ yóò wọ inú géèmù náà. "Ẹ ó máa gbé inú rẹ̀ ni, Bàbá." Ohun tí o sọ fún bàbá mi nìyẹn.

Àwọn èèyàn kò gbà ọ́ gbọ́, wọn kò sì jẹ̀bi. Àwọn kan ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí, títí di òní a kò rí géèmù, a kò sì rí àwọn tó ní àwọn ń ṣe é. Alhaji Oyètúndé tí wọ́n ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òdìkejì ilé wa ló là á mọ́lẹ̀ jù: "Hàlímàt, mo lè san owó sílẹ̀ fún télọ̀, torí mo mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tí ẹ ń wí yìí, ṣọ́ọ̀bù ta ni mo máa lọ jókòó sí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú wọn ò tíì là ni. Èmi tíṣà, èmi ni mo ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tí mo ń sọ pé mo mọ̀ ọ́, pé inú ìkòkò ìyá mi lo ti jẹun dàgbà. Èmi ni wọ́n gbà gbọ́ tí wọ́n fi dáwó, Tìmílẹ́yìn, kì í ṣe ìwọ.

Lẹ́yìn ìyẹn lo wá bá Màmá fún ohùn wọn. O ní bí ẹni tó ń gbá géèmù bá ti ń pàdé àwọn ará ìlú, ohùn Màmá ni yóò máa fi oríkì kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Màmá dùn débi pé wọ́n wé gèlè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn lásán lo fẹ́ gbà. Wọ́n ki gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ó kan Bàbá, wọ́n fa oríkì náà gùn bí wọ́n ṣe máa ń fà á láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun asùbáà: "Àjàní, Àjàní mi." O gbàgbé láti pa ẹ̀rọ tí o fi ń gba ohùn, nítorí o ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ tí géèmù náà jáde, àbúrò mi Rídwàn so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀. Gbogbo wa péjọ. Nígbà tí ìlú yọ, a pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé kan, a rí i kà lókè orí rẹ̀: Àjàní. Bàbá tún fìlà wọn dé. Ṣùgbọ́n idà ló wà lọ́wọ́ ẹni tí Rídwàn ń darí. Rídwàn ń wá ibi tí yóò tẹ̀ kí wọ́n lè ja ìjàkadì. Kò rí i. Idà nìkan ló ṣiṣẹ́. Ó ṣá ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ọkùnrin náà sì ṣubú. Ìgbà tó ṣubú tán ni ohùn Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde: "Àjàní, Àjàní mi."

Lójú Bàbá, Tìmílẹ́yìn! Lẹ́yìn wọn ló kan Màrdíyyàh tó ń ta búrẹ́dì, tó jókòó tì wá níbẹ̀. Géèmù náà kò jẹ́ kí Rídwàn kọjá láìpa ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ará òkè òkun má mọ̀, mo lè gbà. Ìwọ ọmọ Ọ̀fà, o kò mọ̀ pé ẹni tó bá nà gbalaja nílẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń kì í, òkú ni?

Mo pè ọ́ lórí fóònù. O ní àwọn tó ń ra géèmù lókè òkun sọ pé ìjàkadì kì í tà tó ẹ̀jẹ̀, àti pé lọ́dọ̀ wọn, ohun iyì ni kí orúkọ ẹni di ti ọ̀tá nínú géèmù. O wá ní, "Hàlímàt, géèmù lásán ni." Nígbà tí o ń gba ohùn ìyá mi, kì í ṣe lásán nígbà yẹn o. Ogún wa lo pè é.

Kò sẹ́ni tó bá mi jà ládùúgbò. Màrdíyyàh kàn béèrè bóyá orúkọ òun ṣeé yọ. Alhaji Oyètúndé tí kò dáwó, tí orúkọ wọn kò sì sí nínú géèmù, àwọn nìkan ló ṣẹ́kù láàyè ní gbogbo àdúgbò wa. Mo retí kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n gbé àga fún mi ni. Èyí dùn mí ju èébú lọ.

Ṣùgbọ́n ti Màmá ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ki Bàbá mọ́. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Hàlímàt," ó tán. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí ẹnu àwọn ti ṣe. Bàbá a sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó jáde.

N kò béèrè owó. Yọ orúkọ àwọn ará àdúgbò, yọ ohùn Màmá, kí o sì wálé wá sọ lójú wọn fúnra rẹ pé o ti yọ wọ́n. O rántí yanrìn ẹ̀yìnkùlé wa tí ẹ ti máa ń ja ìjàkadì? Gbogbo ìgbà tí Rídwàn bá dá ọ mọ́lẹ̀, ọwọ́ Rídwàn náà ló ń fà ọ́ dìde. Ní Ọ̀fà, ẹni tí wọ́n bá dá máa ń dìde. Ìdìde yẹn lo tà fún àwọn ará òkè òkun.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé já ọ kulẹ̀. Kí orúkọ rẹ pẹ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ, kí wọ́n sì máa pè é nígbà tí o bá wà lórí ìdúró.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ọ,
Hàlímàt.

Mo tún rántí: Lánàá, Bàbá pe Rídwàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí ó tan géèmù náà, kí ó wò ó bóyá bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó ṣubú dìde. Rídwàn tẹ gbogbo rẹ̀, kò sí. Bàbá ní kò burú, kí ó ṣáà má ṣe jẹ́ kí Màmá gbọ́ pé àwọn béèrè.