Àwo Orin Tí Kò Láriwo

Ìyá Ìbejì mi,

Ara mi le koko bí ojú ọfà, má dààmú. Àwo tuntun náà ti parí! Ìwọ tó o sọ mí ní Aláriwo látìgbà tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rín á pa ọ́. Kò sí ìlù níbẹ̀, ẹnì kankan ò kọrin. Ìró nǹkan lásán ni mo fi ẹ̀rọ fà gùn: òjò lórí páànù, omi tó ń hó, àti ìgbálẹ̀ rẹ láàárọ̀, tí mo gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì kí n tó kúrò nílé.

Obìnrin tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀rọ ní ti ìgbálẹ̀ yẹn ló dùn jù. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà, mo sì fi bó ṣe ń gbọ̀n dá ọwọ́ rẹ mọ̀. O gbálẹ̀ díẹ̀, o dúró na ẹ̀yìn, o tún ń gbá a lọ.

Má pè mí lórí fóònù mọ́ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ló jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, níbi tó yẹ kí n bá ọ sunkún. Lẹ́tà ni kó o máa kọ.

Bá mi kí àwọn ìbejì. Kí wọ́n má pariwo tí ẹ bá ń gbọ́ àwo náà. Jẹ́jẹ́ ló ń dún, wọ́n ní.

Èmi Aláriwo rẹ.