Abẹ́rẹ́ Ìjọba Tó Wà Lára Ajá Ayálégbé Wa

Ìwó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1984.

Mùrí ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara ọmọ tuntun le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà, iṣu ta díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ Olúdáre ọ̀rẹ́ rẹ ni, tíṣà tí o ní kí n fún ní yàrá. Ọmọ dáadáa ni, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí mi. Àmọ́ o kò sọ fún mi pé yóò mú ajá wá, ajá òyìnbó gàgàrà, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń lò, Bíńgò lorúkọ rẹ̀. Mo ní kó mú un lọ, ṣebí ààfáà ni mí, ọmọ kéú kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó ní gbogbo onílé tí òun bẹ̀, láti Kuta dé Olúpọ̀nnà, bí wọ́n ti rí ajá ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó wá mú káàdì kan jáde tí ìjọba lu òǹtẹ̀ sí, ó ní wọ́n ti gún ajá náà lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Mo ní bí ìjọba bá ti gún un, a jẹ́ pé eyín rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Mo mú káàdì náà dé ilé gbogbo òbí ọmọ kéú, mo fi Kùránì búra fún wọn pé ajá tó bá ti gba abẹ́rẹ́ ìjọba kò lè bu ènìyàn jẹ mọ́. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Bíńgò bu Ràfíátù jẹ lẹ́sẹ̀, ọmọ tó kù díẹ̀ kó parí Kùránì. Ó ti ń jinná, dókítà ní kò séwu. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kejì àwọn òbí wá kó wàláà ọmọ wọn, wọ́n tò lórí ìlà bí ìjọba ológun ti pàṣẹ pé ká máa tò níbi gbogbo, ọmọ mọ́kànlélógójì, Mùrí. Rájí, ọ̀kan nínú àwọn òbí náà, tí mo kọ́ ní alífáà fúnra mi, kò wo ojú mi. Ìyá rẹ kò fẹ́ dé ọjà Odò-Orí mọ́, torí ìyá ajá ni wọ́n ń pè é.

Mo fẹ́ lé Olúdáre, ṣùgbọ́n owó ilé ọdún méjì tó san ni mo fi kan páànù, ta ni yóò sì gbà á lẹ́yìn mi? Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé tó ń yà sílé mi mọ́. Nígbà tí mo ní kó kọ ọ́ pé mo fẹ́ lé e, ó kọ ọ́, kò yọ nǹkan kan kúrò.

Jọ̀ọ́, fi igba náírà ránṣẹ́ kí n lè dá owó rẹ̀ padà. Kí o sì bá mi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gún ajá l'Ékòó, kí wọ́n wo ohun tó mú kí tiwa má jẹ́. Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ mìíràn, kí wọ́n wá gún un sí i lẹ́nu tààrà.

Ọlọ́run á fún ọ ní ilé tí ènìyàn kò ní sá fún. Mo ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, mò ń ké kéú sókè bóyá ọmọ kan á gbọ́. Bíńgò nìkan ló ń wá. Ó ń dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìlà tí mo fà sílẹ̀ fún un pé kó má kọjá, á na etí sílẹ̀, kì í dìde títí n ó fi ṣe àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àmúdà.