A Kò Ta Ilé Àwòrán Ìyá Rẹ

Agbowa,
Ọjọ́ Àìkú.

Hàbíbàt ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, iṣẹ́ fíìmù tí ẹ ń ṣe ní Èkó ńkọ́? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ojú tì yín láàárín ẹgbẹ́, àmín. Àwa náà wà, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa lọ́dún yìí, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ajíbọ́lá tó ń tún fóònù ṣe ní Itamaga ló bá mi ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, pé sọ́fíwià tí ẹ ń kó gbogbo àwòrán àti fídíò yín sí, àwọn tó ni ín ti tà á, àwọn tó rà á ò sì sọ bóyá yóò ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀. Háà! Ṣebí inú ẹ̀ náà lo kó àwòrán ìyá rẹ sí, Fàlílátù mi, àti fídíò ibi tó ti ń bú mi pé mo jẹ ẹja tó tọ́jú de àlejò? Láti ọdún mẹ́ta tó ti kú, mi ò ní ohùn rẹ̀ níbòmíràn. Wọn ò tó bẹ́ẹ̀!

Mo bi Ajíbọ́lá pé ta ni onílé náà, ó ní kì í ṣe ilé, kò ní ilẹ̀kùn, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ohun tó ń gba ẹrù ènìyàn pa mọ́ tí kì í ṣe ilé, kí ni? Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ lọ́rọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ Èkó? Mo ra ọ̀dà pupa, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí i lẹ́yìn bí a ti ń kọ ọ́ sára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀. Àyè ò gba orúkọ mi, ni mo bá ṣí i, mo kọ ọ́ sínú.

Nígbà tí mo gbé e dé Itamaga, Ajíbọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀dà ti wọ inú ẹ̀, kò lè tàn mọ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, bí èmi ò bá ráyè wọlé, ẹni tó rà á náà ò ní ráyè wọlé. Sànní àbúrò mi ní kí n fi àgbà gbà á, mo ní kó kúrò níwájú mi.

Ajíbọ́lá ní àwòrán àti fídíò ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀, pé o lè kó o jáde kí wọ́n tó tì í pa. Kí lo wá ń dúró dè? Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, èyí tó máa gbé mi dé Ìkòròdú àti ti ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté, mo ti fọ àpò ìrẹsì mẹ́ta tí a máa fi kó o. Fi owó ọ̀dà kún un, ó ṣì ku ara kọ̀ǹpútà tìrẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ilé rẹ, o ò ní fi ọwọ́ ara rẹ sọ ohun rere nù. Má jẹ́ kí wọ́n lé ìyá rẹ síta kí n tó dé. Àyè rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò tíì sùn síbẹ̀ rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàsásì.