Bí Mo Ṣe Pín Ilé Conyers, àti Ọ̀rọ̀ Joanna

Èmi Ìbídùn Àṣàbí Dáramọ́lá, ọmọ bíbí Ìlá Ọ̀ràngún, opó Ẹnjiníà Dáramọ́lá, tí mò ń gbé ní Conyers lẹ́bàá Atlanta, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọpọlọ mi pé, ojú mi ń ríran, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Ẹnikẹ́ni ò tì mí, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí, mi ò sì mu nǹkan kan ju tíì àárọ̀ lọ. Mi ò kàwé. Gbémi ọmọ Yẹ́misí ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń wí i. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Mo rẹ́rìn-ín.

Yẹ́misí, Ṣẹ́gun, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ni mò ń bá wí. Ṣẹ́gun ni mo fi ṣe alábòójútó ogún, torí òun ló ní sùúrù láti dúró lórí ìlà fóònù. Mi ò kọ irú ìwé yìí rí kó tó dòní. Tẹ́nì kan bá mú òmíràn jáde, irọ́ ni.

1. Ilé Conyers tí mò ń gbé yìí, tí bàbá yín fi òógùn ojú rẹ̀ rà, mo fún Yẹ́misí. Ṣẹ́gun, má bínú. O ti ní tìẹ ní Dacula, ilé tó tóbi débi pé ọjọ́ tí mo wá kí ọmọ tuntun, balùwẹ̀ ni mò ń wá tí mo fi bọ́ sí gáréèjì. Yẹ́misí ló ń gbé ibí. Kí n má parọ́, òun ló ń sùn níbí. Nọ́ọ̀sì ni, shift alẹ́ ló ń ṣe. Tó bá wọlé láàárọ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," á lọ sùn. Tó bá jí nírọ̀lẹ́, á ní, "Ó dàárọ̀ mà," á jáde. Ìkíni méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tá a máa ń bá ara wa sọ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Mi ò bá a wí o. Owó ilé ò lè san ara ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé tí mò ń pín yìí, ó dákẹ́ gan-an.

2. Ilẹ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Ìlá, tí igi obì wà lórí ẹ̀, mo fún Ṣẹ́gun. Kò gbọdọ̀ tà á. Mo mọ̀ pé á fẹ́ tà á. Ṣẹ́gun, tó o bá tà á, màá wá bá ẹ ní Dacula, mo sì ti mọ ọ̀nà gáréèjì.

3. Adìẹ méjì tó wà lẹ́yìnkùlé, George tó ń gbé òdìkejì títì ni kẹ́ ẹ kó wọn fún. Òyìnbó ni, opó ọkùnrin ni, ó ń bá wa gé koríko láìgba nǹkan kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló mọ̀ nínú èdè wa, "Ẹ kú iṣẹ́," àwọn adìẹ ló sì máa ń kí bẹ́ẹ̀ láràárọ̀.

4. Ọlọ mi àti ọmọ ọlọ, mo fún Gbémi. Má jẹ́ kí ìyá ẹ fi dá ilẹ̀kùn dúró. Ọlọ yìí ti rìn ju gbogbo yín lọ. Láti Ìlá ló ti bá mi lọ Pólándì, kó tó wá sí Atlanta.

Gbémi ní kí n ṣàlàyé Pólándì, kẹ́ni tó bá ka ìwé yìí má lọ rò pé orí mi ti ń dàrú. Ó dáa. Bàbá yín rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ìlú Łódź, èmi náà tẹ̀ lé e. Ìjọba Kọ́múníìsì ló wà lórí wọn nígbà náà. Ẹran ò sí lọ́jà, ọṣẹ ò sí. Ọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ jáde, wọ́n á gbé e lọ. Orí ìlà búrẹ́dì ni mo ti pàdé Joanna. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan báyìí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọkùnrin. Àṣé òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń tẹ ìwé ìkọ̀kọ̀ tó ń bú ìjọba, tí wọ́n ń pín in fáwọn òṣìṣẹ́. Ó kọ́ mi ní èdè wọn, mo kọ́ ọ ní tiwa. Mo fi ọdún mélòó kan jù ú lọ, ó sì fẹ́ràn bá a ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà. Ìyá Yẹ́misí ló ń pè mí kí Yẹ́misí tiẹ̀ tó jáde nínú mi, torí bàbá yín ti yan orúkọ náà sílẹ̀.

Nígbà tí ṣọ́jà gba ìgboro ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, Joanna já wọ yàrá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, yíǹkì dúdú ní gbogbo ọwọ́. Yíǹkì yẹn ni wọ́n fi ń mọ àwọn tó ń tẹ̀wé. Mo fi ọṣẹ dúdú ìyá mi bó ọwọ́ náà títí ó fi ń ké. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó lé e, oyún Yẹ́misí ńlá níwájú mi. Ṣọ́jà méjì wọlé. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Yorùbá ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo kí wọn, mo kí ìyá tó bí wọn, mo ní kí wọ́n jókòó jẹun, nígbà tí wọn ò lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé bàbá mi. Èyí àgbà nínú wọn wo èkejì, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ, orí ti ń fọ́ mi."

Gbémi ń rẹ́rìn-ín. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Wọ́n padà mú Joanna, ó ṣẹ̀wọ̀n. Ìgbà tó jáde, Yẹ́misí ti ń rìn. Ó gba òjá lọ́wọ́ mi, ó pọ̀n ọ́n, ó gbé e la ìgboro Łódź já, gbogbo ayé ń wò wọ́n. Ẹ̀yìn náà la padà sílé, lẹ́yìn náà la wá síbí. Ìjọba tó ti Joanna mọ́lé ṣubú, àwọn èèyàn ẹ̀ dìbò fún un, ó di aṣòfin nílùú wọn. Ó tún yá, wọ́n rán an lọ sí ilé aṣòfin ti gbogbo Yúróòpù. Ẹni tí mo tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Ìgbà tí mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, "Màmá, ẹ kú àlá." Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Sunday tá a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù á dún, òun náà ni. A ó da èdè méjèèjì pọ̀, a ó sọ ọ́ títí etí mi á fi gbóná.

5. Àwọn àwo funfun mi, kí Yẹ́misí àti Ṣẹ́gun pín wọn dọ́gba. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi sílẹ̀ sórí tábìlì.

Àṣà àwọn Joanna ni. Lálẹ́ tó ṣáájú Kérésì, wọ́n máa ń gbé àwo kan tó ṣófo kalẹ̀ fún àlejò tí wọn ò mọ̀. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, wọn ò gbọdọ̀ lé e. Ó kọ́ mi nígbà tó sá pamọ́ sọ́dọ̀ wa, mi ò sì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà. Kérésì tó tẹ̀ lé ikú bàbá yín, Yẹ́misí rí àwo tó ṣófo níbi tí bàbá ẹ̀ máa ń jókòó, ó rò pé òkú bàbá ẹ̀ ni mò ń bọ. Ó ké sí Aunty Títílọpẹ́, ìyàwó pásítọ̀ wa. Wọ́n kó àwọn aládùúrà dé, wọ́n da òróró yí tábìlì ká, wọ́n bá àwo wí, wọ́n ní kí ẹ̀mí Ẹnjiníà Dáramọ́lá jáde kúrò nínú ilé tó fowó ara ẹ̀ rà. Ìgbà tí wọ́n parí, ebi ti ń pa wọ́n. Mo bu ìrẹsì sínú àwo náà fún Aunty Títílọpẹ́. Ó jẹ ẹ́, ó tún béèrè sí i. Àlejò ti jẹun, kí ni mo tún fẹ́?

6. Òjá aláró tí Joanna fi pọn Yẹ́misí, mo fún Joanna.

Dúró ná, Gbémi. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ kí ìyá ẹ tó bínú.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Ṣẹ́gun fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ilé. Joanna ló dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin. Ó ní àwọn àjèjì tó ń gba inú igbó wọlé láìní ìwé, kí wọ́n dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Ó ní ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ilé. Ẹnu ara ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe pé ẹni tó túmọ̀ ló ṣì í. Oṣù yẹn gan-an ni ìjọba ibí dá bàbá Gbémi padà sí Èkó nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Yẹ́misí wò ó lórí ìdúró ní kíṣìnnì, kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́. Ó ní, "Aunty Joanna ò ní fẹsẹ̀ kan ilé yìí mọ́. Kódà tẹ́ ẹ bá kú, mà, kò ní dúró nídìí sàréè yín."

Nígbà tó pè lọ́jọ́ Sunday, mo bi í. Mo ní, "Joanna, ìwé wo lo mú dání lọ́jọ́ tó o já wọ yàrá mi?"

Ó ní, "Ìyá Yẹ́misí, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn mi. Ẹni tí wọ́n bá ti jà lólè rí ló ń ti ilẹ̀kùn."

Mo ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Oyún wà nínú mi."

Ó ní ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo ní báwo ló ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀? Ó ní, "Kò lè yé ẹ. Ìwọ ò kàwé."

Mo pa fóònù. Ó pè lọ́sẹ̀ kejì, mi ò gbé e. Ó ń pè, mi ò ń gbé e, títí ó fi sú u. Ní báyìí, tí fóònù bá dún lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó ń ta inṣọ́ránsì mọ́tò ni. Mo máa ń gbé tiwọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lucy, ohùn ẹ̀ dùn. Ó bi mí pé irú mọ́tò wo ni mo ní. Mi ò ní mọ́tò. Èmi náà bi í bóyá ìyá ẹ̀ wà láyé. A bára wa sọ̀rọ̀ títí ọ̀gá ẹ̀ fi gé ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

Mi ò tíì gbà pé Joanna tọ̀nà. Kí ìyẹn wà nínú ìwé. Mi ò sì ní kí Yẹ́misí gbé ìbínú ẹ̀ sọ nù, torí ẹni tí wọ́n gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ̀ ló mọ bó ṣe rí. Àmọ́ kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó mọ̀ mí nígbà tí eyín mi pé, tó mọ bí bàbá yín ṣe máa ń kọrin tó bá ń fárùngbọ̀n. Tí mo bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà," ẹ ó sì máa wo fóònù. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ ò sí níbẹ̀ ni.

7. Ẹlẹ́rìí. Lọ́yà tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé yìí ò tíì jẹ́ nǹkan kan àfi tí mo bá tẹ̀ka síbẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Orí fóònù ò ṣe é ṣe. Ẹni tó bá sì ń jogún, kó má jẹ́rìí, kí ogún má bàa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gbémi ní kí n dárúkọ àwọn tí mo mọ̀ ní Conyers. Mo dárúkọ wọn tán, gbogbo wọn ló ń jogún. Ó ní George ńkọ́? Mo ní George, má bínú, adìẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ, Gbémi ló ni wọ́n báyìí, máa wá kí wọn. Ó ku ẹnì kan. Gbémi ní Aunty Títílọpẹ́. Mo ní rárá, á tún da òróró sí i.

Mo jókòó, mo rò ó. Gbémi, padà sókè lọ́dọ̀ òjá, pa orúkọ Joanna rẹ́. Yẹ́misí ni kó o kọ síbẹ̀, ẹ̀yìn tiẹ̀ náà kọ́ ni wọ́n fi dì? Joanna ò jogún nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Joanna ni ẹlẹ́rìí kejì.

Yẹ́misí, ṣé o gbọ́? Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó o dárí jì í. Ilé ti di tìẹ, àmọ́ ìwé ò tíì dúró títí Joanna á fi wọlé, tó jókòó, tó buwọ́ lù ú. Ìwọ lo sì máa ṣílẹ̀kùn fún un, torí orúnkún mi. Òfin ni.

Gbémi ń bi mí pé tí Joanna bá kọ̀ ńkọ́. Mo ní kó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí i lónìí, láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rín inú ẹ̀. Ó tún ń bi mí pé tí mo bá kú kó tó dé ńkọ́. Mo ní nígbà náà, kẹ́ ẹ máa jà sí ilé bí ọmọ àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jà. Àmọ́ mi ò ní kú. Mò ń retí àlejò.

Ìtẹ̀ka Ìbídùn Àṣàbí Dáramọ́lá: kò tíì yá.

Ọjọ́: ọjọ́ tó bá dé.

Ẹlẹ́rìí kìíní: George, òdìkejì títì. A ti sọ fún un, ó ti fárùngbọ̀n.

Ẹlẹ́rìí kejì: Joanna Gałązka, aṣòfin. Joanna, má ra nǹkan kan wá o. Bírò wà nílé.