Lórí Ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ Tí O Kọ̀

Ọmọ mi àtàtà, àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ọkọ rẹ náà jí ire? Ṣé ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ ti ń jiná? Ọlọ́run tó fi èémí sí ọ nínú kò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ lójú ayé mi. Àwa níbí wà dáadáa. Orúnkún mi ṣì ń ro mí, àmọ́ mo ti fi í sílẹ̀ kó máa sọ tẹnu ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Èyí àgbà ló gba ipò kìn-ín-ní nílé ìwé, mo sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọpọlọ mi ló jogún. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o, tíṣà wa ní kíláàsì àwọn àgbà kàn bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni. Ó ní òwe mi máa ń pọ̀ jù, nítorí náà n kò ní í pa ọ̀kankan lónìí, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ọ kò fẹ́ ìlọ́po.

Àwòrán tí ọkọ rẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kí n má purọ́, mo bínú sí ẹni tó yà á, nítorí ó dúdú, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀. Mo gbé e lọ fún ayàwòrán ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé pé kó bá mi fọ̀ ọ́ kó mọ́ díẹ̀, kó sì fi férémù sí i. Ó wò mí títí, ó ní Màmá, ṣé ó dá yín lójú. Mo ní ọmọ mi ni, bó ti wù kó rí. Bí mo ṣe gbé e kọ́ sí pálọ̀ nìyẹn, láàárín àwòrán ìgbéyàwó rẹ àti ti bàbá rẹ. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló bi mí pé àyà ta ni mo gbé kọ́ sára ògiri, ó ní ẹ̀dọ̀fóóró ọwọ́ ọ̀tún ti sún kì bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń fi ọ́ yangàn fún àlejò, ibi tó ń dùn ọ́ gan-an ni mo ń fi hàn wọ́n.

Mo pe ọkọ rẹ, mo ní kó ṣàlàyé fún mi bíi pé ọmọdé ni mí. Ó ní ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló hù síbi tí kò yẹ, ó gba ikùn gòkè dé àyà, tí nǹkan oṣù bá sì ti dé, òun náà á máa ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á ráyè wọ àyà, ẹ̀dọ̀fóóró á rọ̀. Mo ní àṣé ayálégbé ni, tó kó kúrò ní yàrá ẹ̀ tó lọ tẹ́ ẹní sí pálọ̀ onílé. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbọ́ nínú ẹ̀rín náà pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó ní ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, títí dókítà obìnrin kan fi bi ọ́ pé ìgbà wo nínú oṣù ni àyà ń dùn ọ́. Ta ló mọ̀ pé èèyàn lè bi ẹni tó ń wúkọ́ léèrè nǹkan oṣù? Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi tí o máa ń di èjìká ọ̀tún mú lásìkò yẹn, omi gbígbóná la fi ń jó o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Ó kàn ń dùn mí ni. Ọkọ rẹ tún ní ihò kékeré ni wọ́n gbà ti kámẹ́rà bọ àyà rẹ, wọ́n ha ìdọ̀tí náà, wọ́n sì dí ojú ibi tó lu. Jọ̀ọ́, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n yọ kámẹ́rà náà, torí àwọn dókítà náà máa ń gbàgbé nǹkan.

Ó wá sọ fún mi pé o kọ abẹ́rẹ́ tí yóò dá nǹkan oṣù dúró kí àìsàn náà má baà padà. Ó ní o sọ pé ẹni tó ń wá ọmọ kì í gba irú ẹ̀, pé Màmá ń dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lóòótọ́, kò sígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí n kò bi ọ́ pé ṣé kò tíì sí nǹkan kan. Mo kó aṣọ ọmọ tuntun tó wà nínú àpótí mi jáde, mo kó o fún ìyàwó káfíńtà tó bí ìbejì. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kó o lé e lọ́wọ́. Tí ọmọ bá dé lọ́jọ́ iwájú, a ó ra òmíràn.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n wá jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gún ọ ní abẹ́rẹ́ náà. Má fi sí báńkì. Akọ̀wé ibẹ̀ ní owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣí i kí n fojú rí i, ó kọ̀.

Gba abẹ́rẹ́ náà, ọmọ mi. Ìwọ ni mo bí. Èyí tí o kò tíì bí, n kò tíì mọ̀ ọ́n, n kò sì lè fi ẹni tí mo mọ̀ dúró dè é. Wàá mí délẹ̀, wàá sùn, wàá jí, ara rẹ á sì tù ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń dúró de ìwọ nìkan.