Kí Bàbá Ọkọ̀ Sùn, Kí Ìyá Ọkọ̀ Ṣiṣẹ́

Fàdílátù, ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Àsàláámù àláékùmù. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé ẹ̀fọn Akpakpa ò tíì gbé ẹ lọ? Ọlọ́run tó ní kí omi ọ̀sà dúró sí àyè rẹ̀ ni yóò mú ìwọ náà dúró ṣinṣin nídìí iṣẹ́ rẹ ní Kútọnu, àmín. Àwa nílé ò ráhùn. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, òjò gbé páànù ilé ìwẹ̀ lọ, a sì ti rí i padà. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o, ilé ìwé àgbà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ti so èso. Bí o bá rí àmì ohùn tó ti bọ́ sílẹ̀, bá mi ṣà á, kó o fi sí àyè rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tó o fi ránṣẹ́ sínú pọ́tábù. Mo dá ẹ lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo sì bú ẹ díẹ̀, torí mò ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀, o ò dákẹ́ gbọ́ mi, kó tó di pé Benjamin, tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ṣàlàyé pé ohùn àná ni. Má bínú. O ní ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ń kan níbi iṣẹ́ yín ti parí, pé ìwọ lo fa okùn iná inú rẹ̀, pé ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Iléyá ló máa kọ́kọ́ gbé èrò, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè mú ẹnì kan wá láti ilé. O ní èmi lo fẹ́ mú, pé bí mi ò bá dáhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọn á fi àyè mi fún ẹlòmíì.

Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo kọ́kọ́ ní rárá. Láti ọjọ́ tí epo ésáńsì ti gbaná nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà, tí Làmídì bàbá rẹ ò fi padà wálé, ọdún kẹsàn-án rèé, ẹsẹ̀ mi ò tẹ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Afárá Àjàṣẹ́ gan-an, bí tásì bá ti gùn ún, ojú ni mo máa ń dì. Ìwọ wá ní iná ni ọkọ̀ tìrẹ fi ń rìn. Iná! Háàrúnà àbúrò bàbá rẹ ní iná àti omi ò bára wọn gbélé rí, pé ọmọ tó yẹ kó máa wá ọkọ ló lọ ń kan ọkọ̀ tó máa se èrò bí ẹja.

Ọjà Póbẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn. Tinúkẹ́ ẹlẹ́ja gbé ẹja òjìjí láàyè sínú ọpọ́n omi, mo ní kí n wò ó bóyá ó sanra, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Háà! Iná gbá mi dé èjìká, ìbòrí mi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, Tinúkẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí nílẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọ orí mi. Inú omi ni ẹja yìí ń gbé, iná wà lára rẹ̀, omi ò pa iná rẹ̀, iná rẹ̀ ò sì sun odò. Mo rà á, mo gbé e lọ bá Háàrúnà, mo ní kó bá mi dì í mú. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ mọ́.

Ó wá ku ti ibríìdì tó o ní ọkọ̀ náà jẹ́. Ìyẹn ò ṣòro fún mi. Ṣebí a gbin ọ̀pẹ ibríìdì sóko? Bàbá rẹ̀ ọ̀tọ̀, ìyá rẹ̀ ọ̀tọ̀, ó tètè ń so, kì í sì í ga. Ṣùgbọ́n kìlọ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ má gbin ọmọ rẹ̀ o! Ẹni tó bá gbin ekùrọ́ ibríìdì, òfo ló máa ká. Bí ẹ bá fẹ́ kan òmíràn, ẹ padà lọ bá ìyá àti bàbá ti àkọ́kọ́. Mo ní kí Benjamin bi ẹ́ pé ta ni ìyá ọkọ̀ yìí, ta ni bàbá rẹ̀, o ní bátìrì tó gbé iná ni ìyá, ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo ni bàbá, òun ló máa ṣiṣẹ́ bí iná bá tán. Epo kẹ̀! Epo tàbí ésáńsì, ìyá kan náà ló bí wọn, àwọn ló sì sọ mí di opó.

Síbẹ̀, mò ń bọ̀. Mo ti pinnu, ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀ ẹ́. Benjamin ka fọ́ọ̀mù Faransé tí ẹ fi ránṣẹ́ fún mi, wọ́n bi mí pé ta ni kí wọ́n ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú omi. Mo kọ Ọlọ́run. Benjamin ní ẹni tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń wá. Mo ní láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ké pè É, kò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi rí, kí Benjamin jẹ́ kí àyè nọ́ńbà ṣófo.

Mo sì ti gba bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú lọ́wọ́ gbogbo ará àdúgbò, mo sá wọn sórí páànù ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti ń jí. Àpò kan ni mò ń gbé bọ̀, kó má baà rẹ ìyá ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, fi owó tásì ránṣẹ́, owó àyè méjì, torí àpò náà máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fi ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kún un, láti ilé ni mo máa ti wọ̀ ọ́, nítorí afárá Àjàṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ ọ̀gá yín. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà nínú ọkọ̀ náà, kí bàbá ọkọ̀ sùn, kí ìyá ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Bó bá ní ìyá nìkan ò lè gbé èrò dé òdìkejì, kó wá bi mí léèrè. Láti ìgbà tí bàbá tìrẹ ti sùn, ta ló gbé ẹ débi tó o dé?

Ohun tí ọwọ́ rẹ bá kàn kò ní rì. Iná rẹ kò ní kú, kò sì ní jó ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi, ìwọ náà á lọ wo ti ọmọ tìrẹ, àmín.

Èmi ni Kúbúrá ìyá rẹ, tó máa jókòó níwájú pátápátá, tí kò sì ní dijú.