Pósítà Òkú Mi Àti Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Èmi, Kobina Essilfie Arhin, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí mo ń ya pósítà òkú ní ìlú Cape Coast, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n àfi tí ebi bá ń pa mí. Aba, àbúrò mi obìnrin, ni mo fi ṣe alámòójútó rẹ̀, nítorí òun nìkan ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù.

1. Yàrá méjì tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi di ti Ebo, ọmọ Aba. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ arábìnrin ẹni ló ń jogún ẹni, n kò sì bá àṣà jà. Kí ó kó àwọn ewúrẹ́ náà pẹ̀lú. Èyí tó dúdú nínú wọn máa ń jẹ ìwé. Kí Aba má ṣe gbé ìwé yìí sílẹ̀ nítòsí rẹ̀.

2. Àkàsọ̀ tí mo fi ń lẹ pósítà mọ́ ògiri, mo fi í fún Ọ̀gbẹ́ni Tandoh. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló ṣáà wà láti ìgbà tí ó ti yá a. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ sí òdìkejì títì, ní iwájú mi gan-an. Mo bínú títí ó fi sú mi. Kí ó yé sáré gbé àkàsọ̀ pamọ́ nígbà tí mo bá ń kọjá.

3. Ìsọ̀ mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà, mo fi wọ́n fún Ekua, ọmọ mi. Kí Ebo má bá a du ú: òógùn ojú mi ni mo fi rà wọ́n, wọn kì í ṣe ohun ìdílé.

Láti ìgbà tí Araba, ìyá Ekua, ti kú ni ọmọ náà ti ń bá mi jókòó ti iṣẹ́ yìí. Pósítà Araba ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo yà. Mo ṣì ń ṣàárò rẹ̀ lójoojúmọ́.

4. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà náà títí wọn yóò fi tẹ pósítà òkú tèmi jáde. Láràárọ̀ ló ń bi mí bóyá kí òun gba ètò tuntun, láràárọ̀ ni mo sì ń sọ pé ó di ìgbà mìíràn. Ohun tí mo fi ń yàwòrán kò ní ṣí mọ́ lórí ètò tuntun, inú rẹ̀ sì ni pósítà mi wà, tó ku déètì nìkan. Mo wọ kẹ́ńtè nínú fọ́tò náà, irun mi ṣì pé. Mo kọ "Ìpè Sí Ògo" sókè. Mo ti to orúkọ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, nítorí mo mọ ìjà tí ọ̀rọ̀ ta-ló-ṣáájú máa ń dá sílẹ̀ nílùú yìí. Tí ẹ bá ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, yíyà kò burú, ṣùgbọ́n a kì í tẹ ti alààyè sórí ìwé. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú?

Nígbà tí mo ka ìpín kẹrin yìí fún Ekua, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Paapa, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Fọ́tò táwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ látorí fóònù, kọ̀ǹpútà yín ò lè ṣí i. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á wá sọdá lọ bá Tandoh." Mo ní kó ní sùúrù, kò ní pẹ́ mọ́. Ó wá ní, "Ṣé kí n wá máa retí ikú yín ni, kí n tó rí jẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó gbé kẹ́ńkè àti ẹja mi síwájú mi, kò wò mí lójú, èmi náà kò sì lè jẹ ẹ́.

5. Nítorí náà, mo wọ́gi lé ìpín kẹrin. Akọ̀wé lọ́yà ti tẹ̀ ẹ́ tán, ojú rẹ̀ sì le, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé yìí, ìsọ̀ ni mo ń lọ, èmi fúnra mi ni n ó sì tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún bi mí. Kí pósítà náà máa lọ.

6. Ekua ni yóò ya òmíràn fún mi. Kí ó mú fọ́tò tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ èyí tí orí mi ti pá. Kí ó to orúkọ bó ṣe fẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: kí ó má dúró dìgbà tí mo bá kú. Mo fẹ́ jókòó tì í níbi tó ti ń yà á, kí n fojú ara mi rí bí ọmọ mi ṣe ń rí mi.

Èmi ni mo fọwọ́ sí i: Kobina Essilfie Arhin
Ní Cape Coast, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2019

Ó ṣojú wa:
Kwamena Otsiwa, télọ̀
Adwoa Eyiah, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì